Omíkan Inú Ìgò Aláwọ̀ Ewé

"Ṣé o ti rí i?" Fàdìlàt béèrè láti ẹnu ọ̀nà. Kò fẹ́ wọlé. Ojú títì ló ń wò lọ wò bọ̀, àfi bí ẹni pé ọlọ́pàá ń bọ̀.

"Mo ti rí i. Dákẹ́ ná."

Mo lóṣòó níwájú bẹ́ǹṣì gígùn tó wà nínú yàrá Ìyá àgbà. Ìgò mínírà aláwọ̀ ewé mẹ́fà ló tò sábẹ́ rẹ̀, ọ̀rá sì wà lẹ́nu gbogbo wọn. Ọjọ́ Àìkú ni, ìrun Àsárì ṣẹ̀ṣẹ̀ parí. Ìyá àgbà ti lọ sí ìlú Ara fún yìgì ọmọ àbúrò wọn, wọn kò sì ní dé títí di ọ̀sán ọjọ́ Ajé. Nínú gbogbo òfin ilé wa ní Ẹdẹ, ọ̀kan wà tí wọn kì í fi ṣeré rárá: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ mú ìgò lábẹ́ bẹ́ǹṣì yẹn láìbéèrè lọ́wọ́ wọn.

Mo nawọ́, mo mú ọ̀kan.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó gbé mi débẹ̀, kí ẹ má baà rò pé olè ni mí láti ìbẹ̀rẹ̀. Ògì ni Ìyá àgbà mi ń ṣe tà. Bí ògì bá ti tòrò, omi kan máa ń lékè rẹ̀, omi náà á sì kan gooro bó bá pẹ́. Òun ni à ń pè ní omíkan. Ìyá àgbà kì í dà á nù. Wọ́n á rọ ọ́ sínú ìgò. Àwọn kan ń ra omíkan lásán lọ́wọ́ wọn, àwọn mìíràn sì wà tí Ìyá àgbà máa ń bá rẹ ewé tàbí egbò sínú rẹ̀ bí ara wọn kò bá yá: ewé yìí fún ibà, ewé tọ̀hún fún ẹni tí ìgbẹ́ há mọ́ nínú. Ìyá àgbà nìkan ló mọ ìgò tó jẹ́ omi lásán àti èyí tó jẹ́ oògùn.

Èmi, Azeemah, wà ní kíláàsì àṣekágbá nílé ẹ̀kọ́ girama nígbà náà. Ẹ̀kọ́ nípa oúnjẹ ni mo fẹ́ràn ju gbogbo ẹ̀kọ́ yòókù lọ. Mo ti sọ fún gbogbo ẹni tó fẹ́ gbọ́, àti àwọn tí kò fẹ́ gbọ́ pàápàá, pé Pólì ni mò ń lọ, iṣẹ́ oúnjẹ ni mo sì máa kọ́ níbẹ̀. Ìdánwò kan ṣoṣo ló dúró sí mi lọ́nà, èyí tí a ó fi ọwọ́ ara wa ṣe níwájú olùyẹ̀wò. Ẹni tó bá gba òdo nínú rẹ̀, kó yáa wá nǹkan mìíràn ṣe lọ́dún náà.

Lọ́jọ́rú tó ṣáájú ìdánwò náà ni olùkọ́ wa, Ìyáàfin Adébísí, ka iṣẹ́ tí a máa ṣe fún wa.

"Sàláàdì ni," ni wọ́n wí. "Ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ rí kírímù inú ike tí wọ́n ń tà. Ọwọ́ yín ni ẹ ó fi ṣe kírímù tí ẹ máa dà sí i. Kó dùn, kó sì kan. Nǹkan ilẹ̀ wa ni kí ẹ fi ṣe é. Ẹ ó kọ gbogbo èròjà yín sínú ìwé, ibi tí ẹ ti rí i, àti bí ẹ ṣe ṣe é. Ìwé yẹn ní máàkì tirẹ̀ o!"

Ọsàn wẹ́wẹ́ ni gbogbo kíláàsì ń pariwo. Èmi nìkan ni mo nawọ́ tí mo ní, "Mà, omíkan ń kọ́? Omíkan pẹ̀lú oyin."

Ìyáàfin Adébísí bú sẹ́rìn-ín. "Azeemah, ọpọlọ rẹ pé! Ṣùgbọ́n ìwọ fúnra rẹ ni o máa rẹ àgbàdo náà. Rẹ ẹ́ lónìí, lọ̀ ọ́ ní Sátidé, sẹ́ ẹ, kó kan títí di ọjọ́ Ajé. Má ra omi olómi."

Orí mi wú. Mo délé lọ́jọ́rú náà, mo ní tó bá di ọ̀la. Ní Ọjọ́bọ̀, a lọ wo bọ́ọ̀lù àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ kan. Ní Jímọ̀, ó rẹ̀ mí. Nígbà tó fi máa di Sátidé, àgbàdo tó yẹ kí n máa gbé lọ sí ẹ̀rọ ṣì wà nínú àpò, gbígbẹ ni ó gbẹ táútáú.

Fàdìlàt ló sọ ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ gbọ́. Láti kíláàsì kìíní la ti ń bá ara wa bọ̀, òun náà sì ti sọ fún olùkọ́ pé omíkan lòun máa lò. "Omi ni omi," ló wí. "Ta ló fẹ́ tú u wò pé ọwọ́ ta ló rẹ àgbàdo rẹ̀? Ìyá àgbà rẹ ní omíkan tó lè kún odò Ọ̀ṣun, ìwọ wá ń fẹ̀mí ara rẹ wéwu."

Bẹ́ẹ̀ la ṣe dé ìdí bẹ́ǹṣì lọ́jọ́ Àìkú.

Mo tú ọ̀rá ẹnu ìgò náà, mo da díẹ̀ sínú ife funfun. Omi náà pọ́n díẹ̀.

"Kí ló dé tó pọ́n?" Fàdìlàt béèrè.

"Bóyá àgbàdo pupa ni Ìyá àgbà fi ṣe é."

Mo mọ̀ pé "bóyá" ni mo wí. Mo mọ̀ pé mo lè pe Ìyá àgbà lórí fóònù, kí n béèrè. Ṣùgbọ́n bí mo bá béèrè, wọ́n á bi mí pé àgbàdo tí mo ní mo máa rẹ ń kọ́. Nítorí náà, mo bá "bóyá" lọ.

A gbé abọ́ sílẹ̀ láti kọ́kọ́ dán an wò. Mo da ṣíbí oyin mẹ́ta sínú ìgò ẹlẹ́nu gbòòrò kan, mo bu omíkan sí i, mo fi òróró ẹ̀pà kún un, ìyọ̀ díẹ̀, àlùbọ́sà tí mo rẹ́ wẹ́wẹ́, àti ata gígún tí ìka méjì lè mú. Mo dé e, mo bẹ̀rẹ̀ sí í mì í. Ọwọ́ ro mí kí ó tó ki. Mo fi ṣíbí tọ́ ọ wò. Ó dùn níwájú ahọ́n, kíkan rẹ̀ sì gbá mi lẹ́rẹ̀kẹ́ débi pé mo dijú. Nǹkan kan wá korò díẹ̀díẹ̀ lẹ́yìn ọ̀fun.

"Ó korò lẹ́yìn," mo ní.

"Fi oyin kún un."

Mo fi ṣíbí oyin kan kún un, oyin sì bo ìkorò náà mọ́lẹ̀. Ẹ ò rí i pé ohun dídùn lè fi nǹkan pamọ́! A rẹ́ kábéèjì àti kárọ́ọ̀tì, a dà á sí i, a sì jẹ ẹ́ tán. Fàdìlàt tún fi ìka lá ìdí abọ́ náà. Lẹ́yìn náà la pín omíkan tó kù sí ìgò kékeré méjì, ọ̀kan fún un, ọ̀kan fún mi.

Mo wá jókòó ti ìwé ìdánwò mi. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ gbàgàdà: "Èmi fúnra mi ni mo rẹ àgbàdo yìí ní Ọjọ́rú. Mo lọ̀ ọ́ ní Sátidé, mo sẹ́ ẹ, mo sì jẹ́ kó kan fún ọjọ́ méjì." Fàdìlàt da tirẹ̀ kọ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́.

Nígbà tí mo jí lọ́jọ́ Ajé, inú mi ń yí. Mo lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ lẹ́ẹ̀kan kí n tó wẹ̀, mo tún lọ lẹ́ẹ̀kan sí i lẹ́yìn tí mo wẹ̀ tán. Mo sọ fún ara mi pé ẹ̀rù ìdánwò ni. Ta ni ẹ̀rù ìdánwò kì í bà?

Tábìlì mẹ́wàá ni wọ́n tò sínú gbọ̀ngàn. Fàdìlàt wà ní tábìlì kẹfà, èmi wà ní ìkeje. A rẹ́ kábéèjì, a rẹ́ kùkúńbà, a bó ẹyin, a po kírímù wa. Nígbà tó di aago mẹ́wàá, abọ́ mi dára lójú débi pé àwọn tó wà ní tábìlì kẹjọ ń yọjú wò ó. Kírímù mi pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́, ó ń dán nínú àwo dígí. Ìgbà náà ni ilẹ̀kùn ṣí, Ìyáàfin Adébísí sì mú olùyẹ̀wò wọlé.

Ìyáàfin Olúmúyìwá ni wọ́n pe orúkọ rẹ̀. Obìnrin pẹ̀lẹ́ kan ni, ó fi ọwọ́ kan ti ẹ̀yìn, ó ń rìn jẹ́jẹ́. Oyún inú rẹ̀ á tó oṣù méje.

"Ẹ káàárọ̀, ẹ̀yin ọmọ mi," ló wí, ó sì rẹ́rìn-ín. "Ẹ má bẹ̀rù mi. Ebi ń pa mí. Oyún yìí ti ń béèrè ohun kíkan lọ́wọ́ mi láti òwúrọ̀."

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Ìyáàfin Adébísí tẹ̀ sí i létí, ṣùgbọ́n ohùn wọn kò lọ sílẹ̀ tó, mo gbọ́ ọ: "Ẹ fi àyè sílẹ̀ nínú yín de tábìlì kẹfà àti ìkeje, mà. Omíkan àti oyin ni wọ́n fi ṣe tiwọn. Ọmọ yẹn ni mo fi ń yangàn." Wọ́n nàka sí mi. Inú mi dùn, inú mi sì tún kùn lẹ́ẹ̀kan náà, kùn-ùn, débi pé mo fi ọwọ́ di ikùn mú.

Olùyẹ̀wò bẹ̀rẹ̀ láti tábìlì kìíní. Ó ń ka ìwé, ó ń béèrè ìbéèrè kan tàbí méjì, ó ń tọ́ kírímù wò. Mo yíjú sí Fàdìlàt. Kò sí lẹ́yìn tábìlì rẹ̀. Ó pẹ́ kó tó wọlé láti ẹ̀yìn, ó ń nu òógùn iwájú orí.

"Níbo lo lọ?" mo béèrè wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́.

"Tọ́lẹ́ẹ̀tì. Ìgbà kẹrin nìyí. Bí omi ni, Azeemah. Bí omi."

Ara mi tutù. "Èmi náà."

A wo ara wa. Ẹ̀rù ìdánwò lè ba ènìyàn méjì lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò lè ṣí inú ènìyàn méjì bí ẹnu ẹ̀rọ omi láàárọ̀ kan náà. Kí la jọ jẹ lánàá? Nǹkan kan ṣoṣo la jọ jẹ. Mo rántí omi tó pọ́n. Mo rántí ìkorò tó wà lẹ́yìn ọ̀fun. Mo wá rántí ohùn Ìyá àgbà, bí wọ́n bá ń gbé ìgò àsúnwọ̀n fún ẹni tí inú rẹ̀ há: "Ṣíbí kan péré o. Aboyún ò sì gbọdọ̀ fẹnu kàn án! Inú tó bá ń yí lè yí oyún dànù." Mo ti gbọ́ gbólóhùn yẹn láti kékeré títí ó fi di orin létí mi.

"Àsúnwọ̀n ni," mo wí. "Fàdìlàt, àsúnwọ̀n la dà sí i."

Jìnnìjìnnì bò ó. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ kó tó gbá ara rẹ̀ mú. "Má sọ nǹkan kan. Ṣé o gbọ́? Ṣíbí kan ló ń tọ́ wò. Ṣíbí kan ò lè ṣe é ní nǹkan kan."

"Ó lóyún!"

"Bí o bá la ẹnu rẹ, wọ́n á fún àwa méjèèjì ní òdo. Ìyá mi á pa mí. Azeemah, jọ̀ọ́, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ọ́."

Olùyẹ̀wò wà ní tábìlì kẹta. Ìwé tó wà níwájú mi ń wò mí pẹ̀lú irọ́ tí mo kọ sínú rẹ̀. Bí mo bá sọ̀rọ̀, Pólì ti lọ. Ọ̀rẹ́ mi ti lọ. Ojú tí Ìyáàfin Adébísí fi ń wò mí náà ti lọ. Bí mi ò bá sì sọ̀rọ̀ ń kọ́? Mo wo ikùn obìnrin náà, n kò lè mójú kúrò níbẹ̀.

Ó dé tábìlì kẹrin. Òógùn ń ṣàn lẹ́yìn mi.

Ọgbọ́n kan sọ sí mi lọ́kàn, ọgbọ́n ojo. Bí kírímù mi bá dànù, kò sí ohun tí olùyẹ̀wò máa tọ́ wò. Màá pàdánù máàkì díẹ̀, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Mo fi ìgúnwọ́ ti àwo dígí náà. Ó yí lulẹ̀, ó fọ́, kírímù sì tàn ká sí ẹsẹ̀ mi.

"Háà! Azeemah!" Ìyáàfin Adébísí sáré wá. "Kí ló dé? Pẹ̀lẹ́, pẹ̀lẹ́. Má sunkún. Wọ́n á fi sàláàdì nìkan fún ọ ní máàkì."

Wọ́n ń bẹ̀ mí! Èmi tí mo mọ̀ọ́mọ̀ dà á nù. Mo tẹ̀ba láti ṣa àfọ́kù, ọkàn mi sì balẹ̀ díẹ̀. Ó ti tán, mo ní. Fàdìlàt náà á da tirẹ̀ nù, ó ti rí ohun tí mo ṣe.

Fàdìlàt kò da tirẹ̀ nù. Nígbà tí mo gbórí sókè, olùyẹ̀wò ti kọjá tábìlì karùn-ún. Wọ́n ti gbé àga fún un, ó ti jókòó níwájú tábìlì kẹfà.

"Èyí ni mo ti ń dúró dè," ló wí. "Omíkan àti oyin! Ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ jẹ ẹ́." Kò bu ṣíbí kan. Ó bu sàláàdì kún àwo, ó sì da kírímù lé e lórí, ó dà á dáadáa. Fàdìlàt dúró gbagidi, ó ń wo ilẹ̀. Olùyẹ̀wò fi fọ́ọ̀kì gbé kábéèjì, ó gbé e lọ sẹ́nu.

"Ẹ má jẹ ẹ́, mà!"

Mi ò mọ̀ pé èmi ni mo pariwo àfi ìgbà tí gbogbo gbọ̀ngàn yíjú sí mi. Fọ́ọ̀kì náà dúró níwájú ètè rẹ̀.

"Kí ló dé?"

"Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ gbé e sílẹ̀. Omíkan yẹn kì í ṣe omíkan lásán. Mo rò pé àsúnwọ̀n wà nínú rẹ̀."

"Irọ́ ló ń pa, mà!" Fàdìlàt fò sókè. "Tirẹ̀ ti dànù, ó wá ń jowú mi. Ẹ bi ẹnikẹ́ni. Ó máa ń jowú!"

Ìyáàfin Adébísí wò mí, ojú wọn le. "Azeemah, ṣé bó o ṣe máa ṣe sí ọ̀rẹ́ rẹ nìyí? Nítorí pé tìrẹ fọ́?"

Gbogbo ènìyàn gba Fàdìlàt gbọ́. Kí ló máa ṣe wọ́n tí wọn kò ní gbà á gbọ́? Mo ti fi ọwọ́ ara mi dá ara mi lẹ́bi nígbà tí mo fọ́ àwo. Mo wá rí i pé kò sí bí mo ṣe lè sọ ìdajì òótọ́. Mo kúnlẹ̀ sáàárín àfọ́kù náà.

"Mà, mo mọ̀ọ́mọ̀ fọ́ ọ ni. Mi ò rẹ àgbàdo kankan. Ohun tí mo kọ sínú ìwé mi, irọ́ ni. Ìgò tí wọ́n ní kí n má mú nínú yàrá ìyá bàbá mi ni mo jí mú, inú ìgò kan náà ni ti Fàdìlàt ti wá. A jẹ ẹ́ lánàá, inú wa sì ti ń ṣí láti òwúrọ̀. Ẹ bi í pé ìgbà mélòó ló ti lọ sí tọ́lẹ́ẹ̀tì."

"Mi ò lọ!" Fàdìlàt kígbe. "Mi ò lọ síbì kankan, inú mi ò—"

Ó di etí tábìlì mú. Ojú rẹ̀ yí padà, ó fún ẹsẹ̀ méjèèjì pọ̀, òógùn sì bò ó. Ó gbìyànjú láti dúró, ọmọ náà gbìyànjú gan-an. Lẹ́yìn náà ló gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn jáde, eré burúkú ló sá.

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

Ìyáàfin Olúmúyìwá gbé fọ́ọ̀kì sílẹ̀, ó ti àwo náà kúrò níwájú rẹ̀. Ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ikùn. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ kò ròkè.

"Ọdún kẹsàn-án rèé tí mo ti ń wá ọmọ yìí."

Omijé já bọ́ lójú mi. Ìyáàfin Adébísí náà ń nu ojú. Wọ́n ní, "Ẹ dárí jì í, mà. Ó jẹ̀bi, ṣùgbọ́n òun náà ló sọ òtítọ́. Ẹ ṣàánú rẹ̀ nínú máàkì."

Olùyẹ̀wò mú bírò rẹ̀. "Òtítọ́ tó sọ ló jẹ́ kí n jókòó níbí ní àlàáfíà. Màá máa rántí rẹ̀ nínú àdúrà mi. Ṣùgbọ́n ìwé ni wọ́n ní kí n máàkì, irọ́ ló sì kọ sínú ìwé." Ó kọ òdo sí tèmi. Ó kọ òdo sí ti Fàdìlàt. Ó wá fà mí dìde nílẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ ara rẹ̀, nítorí àfọ́kù.

Nígbà tí mo délé lọ́sàn-án, Ìyá àgbà ti dé láti Ara. Wọ́n dúró síwájú bẹ́ǹṣì.

"Azeemah, ìgò mẹ́fà ni mo fi sílẹ̀. Márùn-ún ni mo bá."

Mo kúnlẹ̀. Mo rò ó láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, mi ò fo nǹkan kan. Mo ń retí kí wọ́n bú mi tàbí kí wọ́n mú igi orógùn. Wọ́n rọra jókòó.

"Aboyún náà ń kọ́? Ó fẹnu kàn án?"

"Rárá, mà."

"Wò mí lójú. Ó fẹnu kàn án àbí kò fẹnu kàn án?"

"Wàláhì, Ìyá àgbà, kò fẹnu kàn án."

"Alihamudulilahi." Wọ́n mí kanlẹ̀. "Bàbá Mansur ni mo rẹ ẹ́ fún, tí inú rẹ̀ há láti ọjọ́ márùn-ún. Ṣíbí kan ni mo ní kó máa mu lóòjọ́. Ẹ̀yin wá fi jẹ kábéèjì."

Ẹ̀rín fẹ́ pa mí, ẹkún sì gba ẹ̀rín náà lẹ́nu mi. "Ìyá àgbà, òdo ni mo gbà."

"Mo gbọ́. Òdo kì í pa ènìyàn. Ṣé o rí i, ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ká ní o bi mí léèrè, ǹ bá gbé omíkan gidi fún ọ, ǹ bá sì bá ọ wí nítorí ọ̀lẹ rẹ, ìyẹn náà ì bá sì tán síbẹ̀. Ìbáwí ni o sá fún. Wo ohun tí o sá lọ bá." Wọ́n dìde lọ po ògì gbígbóná fún mi, nítorí inú mi ṣì ń kùn.

Àwọn ẹgbẹ́ mi wọ Pólì lọ́dún náà. Èmi jókòó sílé, mò ń bá Ìyá àgbà sẹ́ ògì. Fàdìlàt kò bá mi sọ̀rọ̀ fún oṣù mẹ́jọ. Bí a bá pàdé lójú títì, á sọdá sí òdì kejì. Ó dùn mí ju òdo lọ, mi ò ní purọ́ fún yín. Ìgbà tí a pàdé níbi tí a ti ń forúkọ sílẹ̀ láti tún ìdánwò náà ṣe ló tó kí mi, ohun àkọ́kọ́ tó sì bi mí ni pé, "Ṣé o ti rẹ àgbàdo rẹ?" Mo ti rẹ ẹ́. Òun náà ti rẹ tirẹ̀.

Ṣùgbọ́n kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀, nǹkan bí oṣù mẹ́ta lẹ́yìn ọjọ́ burúkú yẹn, Ìyáàfin Adébísí wá ra ògì nílé wa. Wọ́n gba ògì tán, wọn kò lọ. Wọ́n yọ fóònù nínú àpò, wọ́n fi àwòrán kan hàn mí. Ọmọ tuntun jòjòló ni, ó dijú, ó di ìkúùkù bí ẹni tó fẹ́ jà.

"Ìyáàfin Olúmúyìwá ti bí," ni wọ́n wí. "Obìnrin ni. Ó ní kí n rí i dájú pé o rí ọmọ náà."

Mo di fóònù náà mú, mo sì sunkún bí ọmọdé.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tí ẹ ń kàwé yìí, ọ̀lẹ ọjọ́ mẹ́ta ló mú mi jí ìgò, ìgò tí mo jí ló mú mi kọ irọ́, irọ́ tí mo kọ ló sì fẹ́ẹ̀ di mí lẹ́nu lọ́jọ́ tó yẹ kí n kígbe. Ẹ béèrè kí ẹ tó mú. Ẹ ṣe iṣẹ́ yín lákòókò rẹ̀. Bí ẹ bá sì ti ṣìṣe, ẹ tètè jẹ́wọ́, ohun yòówù tó lè ná yín, kó tó kan ẹni tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Ìdánwò tí mo pàdánù, mo tún un ṣe lọ́dún kejì. Ká ní mo dákẹ́ lọ́jọ́ yẹn ni, ta ni ì bá bá obìnrin náà tún ọdún mẹ́sàn-án ṣe?